Ìlú tó nilẹ̀ ló lẹjọ́: ibi tí ICC ti ráṣẹ lórí àwọn tí ìlú wọn ò fọwọ́ síwèé

Gbogbo ìgbà tí ICC, kóòtù àgbáyé tó ń dá ẹjọ́ ìwà ìkà ogun, bá ti ní kí wọ́n mú ọmọ Rọ́ṣíà tàbí Ísírẹ́lì, ariwo kan náà ni ìlú wọn máa ń pa, ìlú tiwa ò fọwọ́ síwèé àdéhùn tó dá kóòtù yẹn sílẹ̀, kí ló kàn yín? Ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́ o, Róòmù, níbi tí àwọn ìlú ti kọ ìwé àdéhùn yẹn, ni wọ́n ti fà á gan-an lọ́dún 1998.

Jámánì fẹ́ kí kóòtù yẹn lè mú ẹnikẹ́ni tó bá hùwà ìkà lójú ogun, ibi yòówù kó ti ṣe é, wọn ò gbà fún un. South Korea wá ní ó dáa, ìlú mẹ́rin la máa wò: ìlú tó ti ṣẹlẹ̀, ìlú ẹni tó ṣe é, ìlú ẹni tí wọ́n ṣe é sí, àti ìlú tí wọ́n ti rí afurasí mú, ẹyọ kan nínú wọn tó bá ti wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó fara mọ́ ìwé àdéhùn yẹn, ó parí. Amẹ́ríkà yarí, wọ́n ní àfi kí ìlú ẹni tó ṣe é gbà. Nígbà tó fi máa di July 17 wọ́n ti gé mẹ́rin kù sí méjì, ìlú tó ti ṣẹlẹ̀ àbí ìlú ẹni tó ṣe é, òun ló wà ní Article 12 ìwé àdéhùn yẹn, wọ́n dìbò, 120 gbà, 7 ò gbà, Amẹ́ríkà, Ṣáínà àti Ísírẹ́lì wà nínú wọn, 21 ò dá sí i.

Ṣebí ọmọ Faransé tó bá pààyàn l'Ékòó, kóòtù ibẹ̀ ló máa dá ẹjọ́ ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní lọ tọrọ àyè ní Paris. Àṣẹ onílẹ̀ yẹn náà ni wọ́n gbé fún ICC, èmi ò rí nǹkan tuntun níbẹ̀. Faransé fúnra ẹ̀ ti jẹ ẹ́ rí, ọkọ̀ ojú omi wọn kọlu ti Turkey lórí òkun ní 1926, ọmọ Turkey 8 kú, Turkey mú ọ̀gá ọmọ Faransé tó ń wa ọkọ̀ nígbà yẹn, ẹjọ́ dé kóòtù àgbáyé tó wà ní The Hague ní 1927, ICC ò tíì sí nígbà yẹn, adájọ́ 6 síbí 6 sọ́hùn-ún, ìbò ààrẹ kóòtù ló gbè Turkey.

Ọ̀nà kejì ni Security Council, ìgbìmọ̀ ààbò àjọ UN. Sudan ò sí nínú ẹgbẹ́, Security Council yìí ló gbé ọ̀rọ̀ Darfur, agbègbè kan ní Sudan, fún ICC ní 2005, Amẹ́ríkà tó ń pariwo yẹn ò sì fi veto, àṣẹ tó ní láti fagi lé ìpinnu, dí i, ńṣe ni ò dá sí i nígbà tí wọ́n ń dìbò.

Ibi kan wà tí àwọn tó yarí ti rí tiwọn gbà. Tó bá jẹ́ ẹ̀sùn pé ẹnì kan gbé ogun ja ìlú mìíì, àdéhùn tí àwọn ìlú inú ẹgbẹ́ ṣe ní Kampala lọ́dún 2010 ní ICC ò lè fọwọ́ kan ọmọ ìlú tí ò sí nínú ẹgbẹ́, àfi tí Security Council bá ní kó ṣe é. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan Putin ní March 2023, ti àwọn ọmọdé tí wọ́n kó kúrò ní Ukraine ni, kì í ṣe ti ogun tó gbé lọ bá wọn, ìdí nìyẹn tí àdéhùn Kampala yẹn ò fi gbà á.