Kì í ṣe gbogbo ìpẹtà ni wáráńtì mọ̀ sí

Bí ọ̀dà bá bẹ̀rẹ̀ sí í bó lára píkọ́ọ̀pù tí kò tíì pẹ́ púpọ̀, tí ìpẹtà sì ń yọjú lábẹ́ rẹ̀, ohun tí ẹ máa gbọ́ ní Òṣogbo, láti Ọláìyá títí dé Alékùwodò, ni pé: "Ṣebí wáráńtì rẹ̀ ò tíì parí? Dandan ni kí iléeṣẹ́ tún un ṣe." Ẹlòmíì á tún fi kún un pé wọ́n kọ ìpẹtà àti iye ọdún rẹ̀ gbàgàdà sínú ìwé wáráńtì, ìyẹn ìwé tí iléeṣẹ́ fi ṣe ìlérí àtúnṣe. Òótọ́ ni, wọ́n kọ ọ́. Ohun tó tẹ̀ lé e nínú ìwé yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà.

Ìpẹtà tí ìwé ń sọ ni èyí tó jẹ irin láti inú wá síta títí ó fi lu. Ihò ni wọ́n ń wò. Ẹ wo ti Toyota ní Amẹ́ríkà: ọdún 5 ni wọ́n fún irin tó bá lu, ṣùgbọ́n wáráńtì gbogboogbò, níbi tí ọ̀rọ̀ ọ̀dà wà, ọdún 3 tàbí 36,000 máìlì ni, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ìpẹtà ojú ara, tí ẹ lè fi èékánná ha, kò sí nínú ti ọdún 5 yẹn rárá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì máa ń yọ òkúta tó ta bá ọkọ̀, ìgbẹ́ ẹyẹ, oje igi àti iyọ̀ sọ́tọ̀. Ẹni tó ń fi Hilux kó ẹrù gba ọ̀nà oko mọ bí òkúta ṣe ń ṣe etí féńdà àti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn.

Ibi tí ìjà ti wá ń le ni ìbéèrè kan: ọ̀dà ló kọ́kọ́ bó ni, àbí ìpẹtà ló gbé e sókè? Ọ̀pọ̀ gbà pé ìpẹtà ló máa ń wà nídìí rẹ̀. Kì í ṣe ìgbà gbogbo ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wo etí ibi tó bó dáadáa. Bí ọ̀dà bá ń ṣí kúrò pẹrẹsẹ bí èèpo àlùbọ́sà, tí irin abẹ́ rẹ̀ sì ń dán, tí kò sí ojú ọgbẹ́ kankan níbẹ̀, á jẹ́ pé ọ̀dà ni kò di irin mú. Àléébù iléeṣẹ́ nìyẹn lè jẹ́. Bó bá jẹ́ pé ó kọ́kọ́ wú bí eéwo, tí ẹ tẹ̀ ẹ́, tí ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú dà jáde, tí ẹ sì rí ojú ibi kékeré kan tí nǹkan ti ha láàárín rẹ̀, ibẹ̀ ni omi gbà wọlé, iléeṣẹ́ á sì sọ pé àwọn kọ́ ló ha á.

Irú èkíní ti ṣẹlẹ̀ sí Toyota fúnra rẹ̀. Lára àwọn ọkọ̀ funfun kan tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, oòrùn ń tú ọ̀dà ìsàlẹ̀ kúrò lára irin díẹ̀díẹ̀, iléeṣẹ́ sì fi kún iye ọdún tí wọ́n fi máa tún un ṣe. Ti ìpẹtà náà wà: ní 2016, wọ́n gbà láti parí ẹjọ́ lórí ṣásìsì Tacoma, Tundra àti Sequoia tí ìpẹtà ń jẹ, tí owó rẹ̀ lè tó bílíọ̀nù 3.4 dọ́là. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì nígbà yìnyín máa ń jẹ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ níbẹ̀. Òṣogbo ò ní yìnyín, kò sì sún mọ́ òkun, nítorí náà tòkunbọ̀ tí ṣásìsì rẹ̀ ti ń ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀hún ló ti gbé e bọ̀. Ẹ má wo ọ̀dà tó ń dán lórí. Ẹ wọ abẹ́ rẹ̀. Wáráńtì ẹnu tí olùtajà ń ṣe kò kan abẹ́ yẹn. Ẹ́ńjìnnì àti gíà ló sábà máa ń dá lé.

Àṣìṣe tó ń bí mi nínú jù ni ti ẹni tó kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ pẹ́ńtà, "kó má bàa ràn," kó tó lọ bá ẹni tó tà á fún un. Pẹ́ńtà á fi sáńpépà ha á, á fi fíílà dí i, á fín ọ̀dà lé e. Ẹ̀rí ti lọ nìyẹn, wọ́n á sì sọ pé ọwọ́ ẹlòmíì ti kan ọkọ̀. Àti pé ọ̀dà lórí ìpẹtà kì í pa á: bí wọn ò bá ha á dé ojú irin, omi àti afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ á máa bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lójú oòrùn, kí kìlómítà ọkọ̀ náà hàn nínú ọ̀kan. Ẹ kọ lẹ́tà sí ẹni tó ta ọkọ̀ fún yín, kí ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n buwọ́ lù. Bí wọ́n bá kọ̀, òfin tó dá FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀, ti 2018, sọ pé oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára, ẹ sì lè fi lẹ́tà àti fọ́tò yẹn mú ẹjọ́ lọ bá àjọ náà.