Kí Ló Ń Sọ Nǹkan Di Pàǹtí? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ọrọ̀-Ajé Àyípo

Ní àdúgbò wa ní Àkúrẹ́, inú àpò kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ilé ń kó gbogbo pàǹtí sí: èèpo iṣu, ọ̀rá, bátìrì tó ti kú, ìgò, aṣọ tó ti ya. Gbogbo rẹ̀ á wà létí títì títí ọkọ̀ akólẹ̀ yóò fi dé. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya tèmi sọ́tọ̀ ni àwọn aládùúgbò ti ń bi mí léèrè ìdí rẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù nìyí, pẹ̀lú ìdáhùn mi.

Kí ni ẹ̀ ń pè ní ọrọ̀-ajé àyípo? Ṣé kì í ṣe àtúnlò pàǹtí náà ni wọ́n fún lórúkọ tuntun?

Rárá o. Bí a ṣe ń lo nǹkan lóde òní, ọ̀nà tó lọ tààrà tí kì í padà ni: a wú u nínú ilẹ̀ tàbí a gé e nínú igbó, a fi ṣe ọjà, a rà á, a lò ó, a dà á nù. Ètò àyípo yàtọ̀ ní ti pé láti ìgbà tí a ti ń ṣe nǹkan, tàbí tí a ti fẹ́ rà á, ni a ti ń bèèrè pé nígbà tó bá kúrò lọ́wọ́ wa, ọwọ́ ta ni yóò bọ́ sí, ipò wo ni yóò sì wà nígbà tó bá débẹ̀.

Èrò náà kì í ṣe ti àná. Ní 1966, Kenneth Boulding, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé kí a máa wo ayé bí ọkọ̀ tó ń rìn lójú òfuurufú, tí kò sí ibòmíràn tí a ti lè rí ẹrù kó sí i, tí kò sì sí ìta tí a lè da ìdọ̀tí sí. Ní 1976, ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ gan-an, Walter Stahel àti Geneviève Reday kọ ìròyìn kan fún àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Yúróòpù. Wọ́n ní bí a bá ń tún nǹkan ṣe kó lè pẹ́ lọ́wọ́, iṣẹ́ á pọ̀ sí i fún ọwọ́ èèyàn, agbára iná àti epo tí à ń jó á sì dín kù. Ṣáínà ṣe òfin tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2008. Nínú gbogbo èyí, kí a yọ́ irin tàbí ike kí a lè fi ṣe nǹkan mìíràn ni àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn. Kí a lò ó pẹ́, kí a tún un ṣe, kí a fún ẹlòmíràn tó nílò rẹ̀, gbogbo ìyẹn ló ṣáájú.

Ṣebí àwọn ìyá wa kì í da nǹkan nù tẹ́lẹ̀? Kí ló wá yí padà?

Òótọ́ ni. Ẹ wo ọ̀pẹ: a fún epo lára ẹyìn, háhá tó bá kù a di ohun tí a fi ń dá iná, ẹkùrọ́ rẹ̀ a di àdí, èèpo líle ara ẹkùrọ́ a di ohun ìdáná fún alágbẹ̀dẹ, imọ̀ rẹ̀ a di ọwọ̀. Kò sí ìkankan nínú wọn tí kò ní ẹni tó ń dúró dè é.

Kòkó ló tún fi í hàn jù. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn ibi tí kòkó ti ń jáde jù lọ ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ èèpo nìkan súnmọ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìwúwo èso kòkó. Bí èèpo náà bá jókòó jọ sínú oko nígbà òjò, àrùn tó ń mú kí èso kòkó dúdú kó sì jẹrà a máa farapamọ́ síbẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀. Àmọ́ mo ti jókòó ti ìyá kan ní ìlú Oǹdó tó ń fi èèpo yìí se ọṣẹ dúdú. Ó sá a títí ó fi gbẹ táútáú, ó sun ún di eérú, ó kó eérú náà sínú abọ́ àtijọ́ kan tó ti lu nídìí, tó tẹ́ aṣọ sí, ó wá ń rọra da omi lé e lórí. Omi tó ń kán jáde nísàlẹ̀ pọ́n bíi tíì tí a kò fi mílíìkì sí, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́, nítorí pé èròjà pọtásíọ̀mù pọ̀ nínú èèpo kòkó. Omi yìí àti àdí ló ń sè pọ̀ di ọṣẹ. Nígbà tí wọ́n gbé àpò èèpo mìíràn dé, ó kọ́kọ́ tú u yẹ̀ wò, ó ṣa ọ̀rá kúrò nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní bí ọ̀rá bá jó pọ̀ mọ́ ọn, eérú náà kò wúlò fún òun mọ́.

Ohun tí ìyá yẹn ṣe ni ìdáhùn mi. Nǹkan méjì ló yí padà. Èkíní ni pé a ti ń ra ohun tí kò ní ẹni tó ń dúró dè é. Èkejì, tí mo rò pé òun ló burú jù, ni pé a ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Èèpo iṣu nìkan, oúnjẹ ewúrẹ́ ni; ìgò nìkan, owó ni; àmọ́ bí èèpo iṣu, ìgò tó fọ́ àti bátìrì bá ti wọ inú àpò kan náà, gbogbo rẹ̀ ti di pàǹtí. Àwọn àgbà rántí pé etí ààtàn ni tẹ̀tẹ̀, ilá àti ìbẹ́pẹ ti máa ń dára jù. Ta ni yóò já tẹ̀tẹ̀ jẹ létí ààtàn òde òní?

Wọ́n ní ike ṣeé tún lò. Kí ló dé tí ọ̀rá píọ wọ́tà fi kún gbogbo gọ́tà?

Nítorí pé òṣùwọ̀n ni wọ́n fi ń ra àlòkù. Ẹni tó ń ṣa irin, agolo àti ike kiri yóò rí owó díẹ̀ nínú àpò kan. Ọ̀rá píọ wọ́tà fúyẹ́ débi pé yóò ṣa á títí ilẹ̀ yóò fi ṣú kó tó wúwo, iyanrìn àti ọ̀rá ọbẹ̀ á sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fò ó dá, tí òjò fi ń gbá a gba inú gọ́tà lọ sí odò Alà.

Kì í ṣe gbogbo ohun èlò ló ń bọ̀ lọ́nà kan náà. Ìgò ṣeé yọ́ láìmọye ìgbà kí ó má dín kù. Agolo alumíníọ̀mù tí a yọ́ ń fi nǹkan bí ìdá 95 nínú 100 pamọ́ lára agbára tí wọn ìbá fi ṣe tuntun láti inú òkúta rẹ̀. Ike kò rí bẹ́ẹ̀: bí wọ́n bá ti ń yọ́ ọ ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Ìwádìí tí Geyer, Jambeck àti Law gbé jáde ní 2017 fi hàn pé nínú gbogbo ike tí aráyé ti sọ di pàǹtí títí di 2015, nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 péré ni wọ́n tún lò, ìdá 12 ni wọ́n jó, ìyókù wà lórí ààtàn àti káàkiri ilẹ̀.

Nítorí náà, ibi tí a ti lè dá ọ̀rọ̀ ọ̀rá dúró ni ibi tí a ti ń rà á. Nínú ilé, omi tí a sè tàbí tí a sẹ́ lè wà nínú kúlà, kí ọmọ sì gbé ìgò omi tirẹ̀ lọ sílé ìwé. Èyí tí a bá ti rà, ẹ gbọn omi inú rẹ̀ dànù, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kó sì wà lọ́tọ̀. Àwọn tó ń hu irúgbìn máa ń gbà á láti fi kó ilẹ̀ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun ún. Èéfín ike olóró ni, àwọn ọmọ ló sì ń kọ́kọ́ fà á símú.

Ṣé ríra tuntun kò rọrùn ju àtúnṣe lọ?

Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n a máa ń yára jù. Fáànù tó ń yí jẹ́jẹ́, tó jẹ́ pé ọwọ́ la fi ń tì í kó tó gbéra, kàpásítọ̀ rẹ̀, ohun kékeré tó ń ràn án lọ́wọ́ láti gbéra, ló sábà máa ń jẹ́, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan kan lára owó fáànù tuntun. Kí ẹ tó ra ohun èlò iná, ẹ yí i padà kí ẹ wo ìdí rẹ̀: bí wọ́n bá fi nọ́ọ̀tì dè é, ó ṣeé tú; bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ bàjẹ́ ni yóò lọ sí ààtàn.

Bí a bá ń tọ́jú èèpo àti oúnjẹ tó bàjẹ́ sílé, ṣé kò ní rùn, ṣé kò ní kó eku wá?

Mo fẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ohun tútù inú ilé ìdáná ló ń ba gbogbo ìyókù jẹ́. Ìwé tí omi ọbẹ̀ ti rin kò ṣeé tà. Agolo tí ìdin wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ẹ mú ohun tútù kúrò nínú àpò náà, ẹ ó rí i pé kò ní rùn mọ́, èyí tó sì pọ̀ jù nínú ohun tó kù ni ẹnì kan lè rà.

Òórùn máa ń wá níbi tí ohun tútù bá ti kún jù tí afẹ́fẹ́ kò sì sí. Èmi ń lo garawa ọ̀dà tí mo lu ihò sí lára. Bí mo bá da èèpo iye kan sí i, mo máa ń da ewé gbígbẹ tàbí èérún pákó tí ó tó ìlọ́po méjì rẹ̀ lé e, n ó bu erùpẹ̀ díẹ̀ bò ó, n ó sì dé e. Ẹran, ẹja àti epo kì í wọ inú rẹ̀, torí àwọn ló ń pe eku. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń fi igi rò ó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bí ẹ bá ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó gbóná, ẹ má bẹ̀rù, ó ń ṣiṣẹ́ ni. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ó ti dúdú, ó ń run bí ilẹ̀ inú igbó lẹ́yìn òjò. Ajílẹ̀ nìyẹn, mo fi hu ata àti ewédú lẹ́yìnkùlé.

Èèpo yẹn kan náà, bó bá lọ sí ààtàn ńlá ọ̀nà Ìgbátòrò, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, gáàsì methane ni yóò máa tú jáde, èyí tí ó ń fi ooru pamọ́ sínú ayé ju gáàsì tí à ń mí jáde lọ ní ìlọ́po tó lé ní 25, bí a bá fi ọgọ́rùn-ún ọdún wọ̀n ọ́n.

Àwọn tó ń ṣe gààrí ní ọ̀nà mìíràn. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ní oró nínú, ó sì máa ń bàjẹ́ bí òjò bá pa á. Àwọn onímọ̀ ILRI, ilé ìwádìí àgbáyé lórí ẹran ọ̀sìn, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, fi hàn pé bí a bá rin ín, tí a fún omi rẹ̀, tí a jọ̀ ọ́ tí a sì sá a, tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù yóò di bíi tọ́ọ̀nù kan oúnjẹ ẹran ọ̀sìn.

Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba ni gbogbo èyí?

Tiwọn wà níbẹ̀. Láti 2003 ni Jámánì ti ń gba owó ìdúró lórí ìgò àti agolo ohun mímu tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n ń dá padà fún ẹni tó bá mú un wá. Ní oṣù kìn-ín-ní 2024 ni ìjọba Èkó kéde pé àwọn fòfin de abọ́ fóòmù tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìgò mínírà. Bí ẹ kò bá mú òfìfo wá, ìyá alájà kò ní jẹ́ kí ẹ gbé èyí tó kún lọ, àyàfi bí ẹ bá fi owó ìgò sílẹ̀. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀, ìgò náà sì ń padà sí ilé iṣẹ́ fún fífọ̀ àti àtúnrọ. Owó tó wà lórí ìgò yẹn ni kò jẹ́ kó di pàǹtí.

Pámpáàsì ọmọ ńkọ́?

Kò tíì sí ẹni tó ń dúró dè é ní ìlú wa. Ike, òwú àti ìgbẹ́ ti dà pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé kò sí bí a ṣe fẹ́ yà wọ́n. Nàpíìnnì aláṣọ tí à ń fọ̀ lè dín in kù lọ́sàn-án nígbà tí ọmọ bá wà nílé, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìyá ló ní omi àti àkókò rẹ̀. Èyí tí ẹ bá lò, ẹ ká a pọ̀, ẹ dì í sínú ọ̀rá tirẹ̀, kó má baà kan ìwé, agolo àti ìgò tí ẹlòmíràn ṣì ń bọ̀ wá kó.