Ká Ní Sáyẹ́ǹsì Ayé Ìsìláàmù Ò Dẹwọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè: Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé ìgbà tí àwọn Mongol pa Baghdad run ní 1258 ni sáyẹ́ǹsì àwọn Mùsùlùmí kú. Ṣé ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀ tá a bá fẹ́ fojú inú wo ìtàn mìíràn?

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àdánù ńlá ni ti Baghdad, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di 1259, Hulagu, olórí Mongol kan náà tó pa ìlú yẹn run, ti ń náwó fún Nasir al-Din al-Tusi, onímọ̀ ìràwọ̀, kó lè kọ́ ilé ìwòràwọ̀ sí Maragha, nílẹ̀ Iran. Ibn al-Nafis, oníṣègùn tó kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1242 pé inú ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà láti apá ọ̀tún ọkàn kó tó dé apá òsì, wà láyé títí di 1288. Ní 1424, al-Kashi, onímọ̀ ìṣirò, ṣírò pi (iye ìgbà tí ìbú òbìrí ń wọ inú àyíká rẹ̀) dé ipò 16 lẹ́yìn ojú àmì. Wọ́n tún máa ń di ẹ̀bi ru al-Ghazali, onímọ̀ ẹ̀sìn tó kú ní 1111. Lóòótọ́ ló bá àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí jà gidigidi lórí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́. Àmọ́ òun náà ló kìlọ̀ pé ẹni tó bá ń fi ẹ̀sìn tako ìṣirò bí òṣùpá ṣe ń bo oòrùn lójú, ẹ̀sìn gan-an ló ń ṣe ní jàǹbá.

Ìbéèrè: Kí ló wá yẹ ká yí padà?

Ẹni tó ń sanwó, àti iye ọdún tó fi ń san án. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Iṣẹ́ wíwo ìràwọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọdún méjì. Saturn nìkan ń lo nǹkan bí ọdún 29 àti ààbọ̀ kó tó yí ojú ọ̀run po lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tí al-Tusi fi bèèrè fún ọgbọ̀n ọdún. Ọdún 12 ni Hulagu fún un.

Ẹ wo Samarkand, ní ilẹ̀ Uzbekistan òde òní. Ulugh Beg, ọba tó jẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀ fúnra rẹ̀, kọ́ ilé ìwòràwọ̀ tirẹ̀ síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1420. Irinṣẹ́ tó tóbi jù níbẹ̀ jẹ́ ògiri òkúta tó tẹ̀ kọdọrọ, tí wọ́n gbẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọnú ilẹ̀. Oòrùn ọ̀sán gangan ń gba ojú ihò kan wọlé lókè, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì bọ́ sórí òkúta náà, ní nǹkan bíi mítà 40 síbi ihò yẹn. Títóbi yìí ló mú kí dígírì kan gba nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 70 lórí òkúta, kí ìdá kan nínú ọgọ́ta dígírì sì ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Lórí irinṣẹ́ idẹ tí apá rẹ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30, ìdá yẹn kò ju ìbú irun orí kan lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé kò ṣeé yí: ojú kan ló kọ sí, ohun tí o bá fẹ́ wò gbọ́dọ̀ wá bá ọ níbẹ̀. Síbẹ̀, àtẹ ìràwọ̀ 1018 ni wọ́n parí ní 1437, gígùn ọdún tí wọ́n ṣírò kò sì fi odidi ìṣẹ́jú kan yàtọ̀ sí ti òde òní.

Ní 1449, ọmọ Ulugh Beg ní kí wọ́n pa bàbá òun. Owó dá, àwọn onímọ̀ túká, ilẹ̀ sì bo àlàpà náà títí wọ́n fi hú u jáde ní 1908. Ti Istanbul tún burú ju ìyẹn lọ: 1577 ni ilé ìwòràwọ̀ Taqi al-Din, onímọ̀ ìràwọ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní 1580 sultan ní kí wọ́n wó o.

Maragha nìkan ló pẹ́, ó lé ní ogójì ọdún, Hulagu kú, al-Tusi kú, iṣẹ́ ń lọ. Ohun tó fà á ni pé wọ́n fi al-Tusi ṣe alábòójútó owó waqf, ìyẹn dúkìá tí a fi sílẹ̀ nítorí Ọlọ́run, tí ẹnikẹ́ni kò lè tà, tí ọmọ kò sì lè jogún.

Ìyípadà tó kéré jù tó sì lágbára jù, lójú tiwa, ni kí wọ́n so ilé ìwòràwọ̀ mọ́ ọ́fíìsì ẹni tó ń ṣírò àkókò ìrun ní mọ́sáláṣí ńlá. Waqf ló ń san owó oṣù onítọ̀hún tẹ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé iṣẹ́ awòràwọ̀ onísọtẹ́lẹ̀ ló ń ṣe. Iṣẹ́ yìí gan-an ni Ibn al-Shatir ń ṣe ní mọ́sáláṣí Umayyad ní Damascus títí ó fi kú ní 1375.

Ìbéèrè: Ṣé wọn ì bá ti rí i pé ayé ló ń yí oòrùn po?

Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ìṣirò ìrìn òṣùpá tí Ibn al-Shatir ṣe bá èyí tí Copernicus, ẹni tó fi oòrùn sí àárín, tẹ̀ jáde ní 1543 mu. Àmọ́ ayé ni Ibn al-Shatir fi sí àárín. Ali Qushji, onímọ̀ ìràwọ̀ tó ti Samarkand dé Istanbul, ti sọ pé ohun tí ojú rí lójú ọ̀run kò tó láti fi já a nírọ́ pé ayé ń yí. Ohun tó kù ni awò tó ń mú ọ̀nà jíjìn súnmọ́ni. Dígí méjì ló gbà: ọ̀kan tó yọ ikùn, tó ń kó ìmọ́lẹ̀ oòrùn jọ ní sẹ̀ǹtímítà 90, ọ̀kan tó jinnú tí agbára rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Fi sẹ̀ǹtímítà 80 sáàárín wọn, ohun tó jìnnà á tóbi ní ìlọ́po 9. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni etí dígí tí a fi ọwọ́ lọ̀: kì í gún, àwòrán á sì ṣú. Oògùn rẹ̀ ni kí o fi tákàdá bo dígí iwájú, kí o dá ihò sẹ̀ǹtímítà méjì lu sí i láàárín.

Ìbéèrè: Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńkọ́?

Láìsí i, waqf nìkan kò tó. Lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà sínú àtẹ ìràwọ̀. Ẹni tó bá ti jókòó ní ilé kéú mọ̀ pé àmì tóótó kan péré ló ya jíìmù sọ́tọ̀ sí háà. Jíìmù ni 3, háà ni 8. Tí adàwékọ bá gbàgbé àmì yẹn, 3 ti di 8, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì dà á kọ bẹ́ẹ̀, torí nọ́ńbà kì í ní ìtumọ̀ tí yóò fi tú àṣìṣe fó. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń jẹ́ kí a yẹ ojú ewé kan wò dáadáa lẹ́ẹ̀kan fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀dà. Ọdún 1727 ni Ibrahim Müteferrika tó gba àṣẹ láti tẹ̀wé ní Istanbul. Ní ti àtẹ ìràwọ̀ Ulugh Beg, ìlú Oxford ni Thomas Hyde ti tẹ̀ ẹ́ jáde, ní 1665, ọdún 228 lẹ́yìn tí wọ́n parí rẹ̀ ní Samarkand.