Ìgbà Tí Dísíìkì Kan Bá Kú Nínú Sáfà

Kò sí dísíìkì, ìyẹn ohun tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú dátà sí, tí kì í kú. Tọ̀sán-tòru ni sáfà ilé iṣẹ́, kọ̀ǹpútà tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń lò pọ̀, ń ṣiṣẹ́, ooru ń mú un, iná ń lọ, iná ń dé, ọjọ́ kan á sì pé tí ọ̀kan nínú àwọn dísíìkì inú rẹ̀ á dákẹ́. Nítorí ọjọ́ yẹn ni RAID ṣe wà: a ó so dísíìkì mélòó kan pọ̀, sáfà á máa rí wọn bí ẹyọ kan, tí ọ̀kan bá kú, iṣẹ́ ò ní dúró. David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz, ní Yunifásítì California tó wà ní Berkeley, ló kọ ìwé tó gbé orúkọ RAID jáde lọ́dún 1988. Ọ̀pọ̀ tó ń ra sáfà lónìí, iye àyè tí wọ́n máa rí lò ni wọ́n ń wò. Wákàtí tó tẹ̀ lé ikú dísíìkì kan ló yẹ kí wọ́n wò, torí ibẹ̀ gan-an ni dátà ti ń ṣòfò.

Ẹ jẹ́ ká mú sáfà tó ní dísíìkì 4TB mẹ́rin (TB ni ìwọ̀n àyè, mílíọ̀nù MB kan), ká sì wo oríṣi RAID mẹ́rin. RAID 0 á fún yín ní 16TB, láìsí ààbò kankan: ọ̀kan kú, gbogbo rẹ̀ lọ. RAID 5 á fún yín ní 12TB, ikú dísíìkì kan ṣoṣo ló sì lè fara dà. RAID 6 á fún yín ní 8TB, méjì yòówù lè kú. 8TB náà ni RAID 10. Ó pín wọn sí méjì-méjì, ohun tó wà lórí ọ̀kan ló wà lórí èkejì. Ọ̀kan lè kú nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bí méjèèjì inú ìpín kan náà bá lọ, ó tán.

Báwo ni RAID 5 ṣe ń mọ ohun tó wà lórí dísíìkì tó ti kú? Ìṣirò ni. Fún bíìtì mẹ́ta (bíìtì kan jẹ́ 0 tàbí 1) lórí dísíìkì mẹ́ta, káàdì RAID, ẹ̀rọ inú sáfà tó ń darí àwọn dísíìkì náà, á kọ ẹ̀kẹrin sórí dísíìkì tó kù, kí iye 1 tó wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè ṣeé pín sí méjì. Tí mẹ́ta àkọ́kọ́ bá jẹ́ 1, 0, 0, ẹ̀kẹrin á jẹ́ 1. Ká ní dísíìkì àkọ́kọ́ kú, ó ku 0, 0, 1. Ẹyọ 1 kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, nítorí náà 1 ni èyí tó sọnù. RAID 6 ń fi ìṣirò kejì, tó yàtọ̀, kún un.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kí káàdì tó lè kún dísíìkì tuntun tí a fi rọ́pò èyí tó kú, ó gbọ́dọ̀ ka mẹ́ta tó kù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, 12TB gbáko. Bí dísíìkì bá ń kọ 200MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 4TB á gba nǹkan bíi wákàtí márùn-ún àbọ̀; 16TB á gba wákàtí méjìlélógún. Ìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò bá lo sáfà rárá. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń lò ó, ó lè di ọjọ́ mélòó kan. Ní gbogbo àsìkò yẹn, RAID 5 ò ní ààbò mọ́. Lórí ọ̀pọ̀ dísíìkì kọ̀ǹpútà lásán, ohun tí olùṣe kọ sílẹ̀ ni pé ó lè pàdé ibi kan tí kò ṣeé kà nínú bíìtì 10¹⁴, nǹkan bíi 12.5TB, ti sáfà sábà máa ń jẹ́ 10¹⁵. Ọjọ́ kan náà la tún sábà ń ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọjọ́ orí wọn dọ́gba. Fún àwọn dísíìkì ńlá tó ń yí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi RAID 5 sílẹ̀. Dísíìkì tó wà ní ìpín kan náà pẹ̀lú èyí tó kú nìkan ni RAID 10 ń kà, kíá ló sì ń parí.

Kíkọ náà ní iye tó ń náni. Fún ìyípadà kékeré kan, RAID 10 ń kọ ẹ̀ẹ̀mejì. RAID 5 ń kà tàbí kọ ẹ̀ẹ̀mẹrin, RAID 6 ẹ̀ẹ̀mẹfà. Dátábéèsì àti ìṣirò owó, RAID 10. Ibi ìkó fáìlì sí, RAID 6.

Káàdì RAID ní mẹ́mọ́rì tó ń gba dátà sílẹ̀ kó tó kọ ọ́ sórí dísíìkì, bátìrì ló sì ń dáàbò bò ó bí iná bá lọ lójijì. Bí bátìrì yẹn bá ti gbó, káàdì á ṣíwọ́ lílo mẹ́mọ́rì náà fún kíkọ, sáfà á sì falẹ̀. Àwọn kan á wá fipá mú káàdì padà sí lílo mẹ́mọ́rì náà kí sáfà lè yára. Níbi tí iná ti ń lọ lẹ́ẹ̀mélòó lóòjọ́, ewu ńlá nìyẹn. Bátìrì tuntun ni kí ẹ rà, kí UPS sì wà lẹ́yìn sáfà. Bí SSD, dísíìkì tí kì í yí, lẹ bá lò, ẹ yan èyí tó ní kapasítọ̀, ohun kékeré tó ń tọ́jú iná díẹ̀, fún ìgbà tí iná bá lọ.

Ẹ má fi dísíìkì kọ̀ǹpútà lásán sínú RAID. Bó bá pàdé ibi tí kò ṣeé kà, ó lè máa gbìyànjú fún ìgbà pípẹ́, káàdì á rò pé ó ti kú, á sì yọ ọ́ kúrò. Dísíìkì sáfà á jáwọ́ láàárín nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá méje, á sì jẹ́ kí káàdì fi ìṣirò rí i. SATA àti SAS ni oríṣi ojú méjì tí a fi ń so dísíìkì mọ́ sáfà: dísíìkì SATA ń wọ ojú SAS, SAS ò wọ ojú SATA.

Bí iná ọsàn bá tàn lára dísíìkì kan, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà dátà síbòmíràn. Ẹ fi nọ́ḿbà tó wà lára dísíìkì wé èyí tí káàdì sọ, torí yíyọ èyí tó wà láàyè ló ń pa RAID 5 tó ti ń ṣàìsàn. Ẹ fà á díẹ̀, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú àáyá ọgbọ̀n kó lè dẹ́kun yíyí, kí ẹ tó yọ ọ́. Èyí tí ẹ máa fi rọ́pò kò gbọdọ̀ kéré sí i. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ẹ ṣètò kí káàdì máa fi íméèlì ránṣẹ́, kó sì máa ka gbogbo dísíìkì látòkè délẹ̀ lóṣooṣù, kí ibi tó ti bàjẹ́ má bàa fara pa mọ́.

RAID kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. Fáìlì tí òṣìṣẹ́ pa rẹ́ á pa rẹ́ lórí gbogbo dísíìkì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí káàdì fúnra rẹ̀ bá kú, irú rẹ̀ ni kí ẹ fi rọ́pò. Lórí káàdì Dell PERC àti MegaRAID, bó bá mú «Foreign Configuration» jáde, ìyẹn ètò RAID tó bá lórí àwọn dísíìkì tí kì í ṣe tirẹ̀, Import ni kí ẹ yàn. Clear á pa àkọsílẹ̀ ètò náà rẹ́.