Bí kọ́ndẹ́ẹ̀mù ṣe ń di rọ́ọ̀dù ní Nàìjíríà

Rọ́ọ̀dù tí áyán bẹ́ńdà ń tẹ̀ nídìí ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìkòròdú lè ti jẹ́ ara mọ́tò kan rí lójú títì Jámánì. Mọ́tò yẹn wọ̀lú ní tòkunbọ̀, ó ṣiṣẹ́ títí ó fi kú sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n, wọ́n tà á ní kọ́ndẹ́ẹ̀mù, ìyẹn àlòkù irin, wọ́n sì yọ́ ọ. Púpọ̀ nínú irin ìkọ́lé tí wọ́n ń ṣe ní Nàìjíríà ló ń gba ọ̀nà yìí kọjá. Ó wá bọ́ sí i pé ọ̀nà yìí gan-an ni àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ń náwó lé lórí báyìí, torí pé èéfín rẹ̀ kéré. Nàìjíríà ò yàn án torí èéfín o. Ọ̀nà kejì ló dí.

Ọ̀nà kejì yẹn ni yíyọ irin láti ara òkúta. Òkúta irin inú ilẹ̀, irin tó ti so mọ́ ọ́síjìn ni, bí ẹni pé gbogbo ara rẹ̀ ti dípẹtà látinú wá. Kó tó di irin, nǹkan kan gbọ́dọ̀ já ọ́síjìn yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ìléru gàgàrà tó ń lo kóòkì, ìyẹn èédú inú ilẹ̀ tí wọ́n ti sun, kábọ́ọ̀nù ló ń já a gbà. Òun àti ọ́síjìn á di afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tó ń mú ayé gbóná, á sì gba òkè lọ. Tọ́ọ̀nù irin kan máa ń tú nǹkan bíi tọ́ọ̀nù méjì afẹ́fẹ́ yìí sílẹ̀. Bó ti wù kí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ṣọ́ra tó, kò sí ohun tó lè ṣe sí i, torí inú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ yìí ti ń jáde. Àwọn tó ń yọ́ irin ní ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí pẹ̀lú èédú igi. Nígbà tí irin òyìnbó dé, wọ́n pa ìléru tì, àwọn alágbẹ̀dẹ sì ń fi àlòkù irin rọ ọkọ́ àti àdá.

Àlòkù irin kò ní wàhálà ọ́síjìn mọ́. Ẹlòmíì ti já a kúrò lára rẹ̀ tipẹ́, èéfín iṣẹ́ náà sì ti bá afẹ́fẹ́ lọ nílùú tí wọ́n ti ṣe é. Ohun tó kù ni kí wọ́n yọ́ ọ. Ìléru tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní Ìkòròdú, Ògìjó àti Ṣàgámù ń lò fún èyí kò ní iná lábẹ́. Ọ̀pá bàbà tí inú rẹ̀ jẹ́ ihò, tí omi ń gbà kọjá kó má baà yọ́, ni wọ́n lọ́ mọ́ ìkòkò náà lára. Bí iná mànàmáná bá ti ń gba ara bàbà yẹn, irin inú ìkòkò á máa gbóná fúnra rẹ̀ títí dé nǹkan bí 1,600 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á sì máa rú bí ògì tó ń hó. Tọ́ọ̀nù kan ń jẹ nǹkan bí 600 yúnìtì, irú yúnìtì tí mítà ilé ń kà. Ibi tí iná yẹn ti wá ni èéfín rẹ̀ wà. Bí ó bá jẹ́ gáàsì tàbí omi ló pèsè rẹ̀, ó dára. Bí ó bá jẹ́ dísù, àǹfààní náà ti ń jò dànù. Iná tó bá sì lọ láàárín iṣẹ́, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í dì sínú ìkòkò, wọ́n á tún fi iná mìíràn yọ́ ohun tí wọ́n ti yọ́ tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kì í fi gbẹ́kẹ̀ lé iná ìjọba nìkan.

Ètò tí ìjọba ṣe fún irin láwọn ọdún 1970 yàtọ̀ pátápátá. Òfin 1979 ló dá ilé iṣẹ́ irin Àjàòkúta sílẹ̀ létí odò Ọya, níbi tó jẹ́ ìpínlẹ̀ Kogí lónìí. Àwọn ará Sófíẹ́ẹ̀tì ló gbaṣẹ́ rẹ̀, ìpele àkọ́kọ́ ì bá sì máa yọ tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 1.3 lọ́dún. Ìléru gàgàrà rẹ̀ kò tíì yọ irin kankan láti ara òkúta. Kóòkì ló ń jẹ, èédú Ẹnúgu kì í sì í di kóòkì. Ilé iṣẹ́ irin Aladja, lẹ́bàá Warri, gba ọ̀nà tó mọ́gbọ́n dání jù: ó ṣí ní 1982, gáàsì ló sì ń lò láti já ọ́síjìn gbà. Òun ló yẹ kó máa fún ilé iṣẹ́ Òṣogbo, Jos àti Katsina ní irin tí wọ́n á fà gùn. Ìgbà tí ọwọ́ Aladja rọ, ọwọ́ wọn náà rọ. Iṣẹ́ reluwé tó yẹ kó máa gbé òkúta irin láti Itakpe, níbi tí wọ́n ti ń wà á, lọ sí Aladja bẹ̀rẹ̀ ní 1987, 2020 ló tó ṣí. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti pé ọdún 33 nígbà tó ṣí.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá irin àtúnyọ́ dára, ibi òkìtì kọ́ndẹ́ẹ̀mù ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò ń rà á ní díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń tà á fún ọlọ́jà tó ní òṣùwọ̀n, irú àwọn tó wà ní Òwòdé Onírin, àwọn yẹn sì ń kó o ní ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ilé iṣẹ́. Níbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣà á. Sílíńdà tí ẹnu rẹ̀ ṣì dí, tàbí agolo tí omi dúró sínú rẹ̀, lè bú gbàù nínú irin yíyọ́, ó sì lè pa ènìyàn. Èyí tí ojú kì í tètè rí ni bàbà. Ìléru oníná yìí kì í yọ ìdọ̀tí kúrò lára irin. Púpọ̀ nínú ohun tó bá wọlé ló ń bá irin jáde. Bàbà burú jù nínú wọn, torí pé ọ́síjìn á jó irin kó tó kan bàbà, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè jó o kúrò. Bó bá ti pọ̀ jù, irin á máa sán nígbà tí wọ́n bá ń fà á ní gbígbóná. Iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni: ọlọ́bẹ̀ lè bu omi sí i, kò lè ṣa iyọ̀ jáde. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ọmọ tó ń tú mọ́tò, torí bàbà wọ́n ju irin lọ, wọn kì í fi wáyà sílẹ̀ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ń dáná sun rọ́bà ara wáyà náà ní gbangba, èéfín dúdú ibẹ̀ kò sì sí nínú ìṣirò ilé iṣẹ́ kankan.

Páànù tún ní tirẹ̀. Síǹkì tí wọ́n fi bò ó máa ń di èéfín kí irin tó yọ́, ní nǹkan bí 907 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á sì jáde ní funfun. Ọ̀dà àtijọ́ lè gbé òjé wá pẹ̀lú. Ilé iṣẹ́ tó bá fi ìbòrí bo ìkòkò, tó fa èéfín náà gba inú àpò asẹ́, á kó eruku tí síǹkì pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì ń ra irú eruku bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò bá ní asẹ́, orí aṣọ tí àwọn aládùúgbò sá ló ń bà lé. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ irin tó mọ́, àpò asẹ́ yìí ni ó yẹ kí olùbẹ̀wò kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè, kí ó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù rárá. Ìdàrọ́, ìyẹn ìdọ̀tí tó ń léfòó lórí irin yíyọ́, ṣeé fọ́, kí wọ́n fi kún ojú títì.

Kọ́ndẹ́ẹ̀mù kì í sì í tó. Orílẹ̀-èdè tí kò tíì lo irin púpọ̀ kò lè ní àlòkù púpọ̀, èyí tó wà nínú òpó ilé sì máa ń pẹ́ níbẹ̀ ju àádọ́ta ọdún. Òfin Nàìjíríà kò gbà kí wọ́n kó àlòkù irin jáde. Síbẹ̀ ebi rẹ̀ ń pa ìléru, ìdérí gọ́tà àti irin ẹ̀gbẹ́ afárá sì ń pòórá lóru. Ibí ni gáàsì ti wúlò. Irin tuntun tí wọ́n fi gáàsì yọ láti ara òkúta ni omi tí ọlọ́bẹ̀ ń bù sí i: kò ní bàbà, ó sì ń dín ti kọ́ndẹ́ẹ̀mù kù. Àwọn kànga epo Nàìjíríà ṣì ń jó gáàsì dànù lójoojúmọ́.

Àlòkù kan tún wà tí kì í dé ìléru rárá. Níbi tí wọ́n bá ti wó ilé l'Ékòó, àwọn ọmọ á fi òòlù fọ́ kọnkéré, wọ́n á fa rọ́ọ̀dù jáde, wọ́n á nà án, wọ́n á tún tà á fún akọ́lé. Kò jẹ yúnìtì kan. Ṣùgbọ́n irin tí wọ́n ti tẹ̀ tí wọ́n tún nà máa ń ti ojú ibi tó tẹ̀ sí kán, ẹnjiníà tó mọṣẹ́ kì í sì í gbà á sínú òpó.