PCIT: ọmọ ló ń ṣe agídí, òbí ni wọ́n ń kọ́

Bí wọ́n bá ní kí ẹ gbé ọmọ ọdún mẹ́rin tó ń ṣe agídí lọ fún ìtọ́jú, ohun tó máa wá sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn ni pé ẹnì kan tó mọ̀wé máa jókòó ti ọmọ náà, á gbà á níyànjú, á sì dá a padà sílé ní ọmọ tó ń gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n nínú ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní PCIT, ìyá tàbí bàbá ló máa wọ yàrá pẹ̀lú ọmọ. Àwọn méjèèjì á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n á máa fi búlọ́ọ̀kù ìṣeré kọ́lé. Olùtọ́jú wà ní yàrá kejì, lẹ́yìn dígí tí ẹni ìta fi ń rí inú ṣùgbọ́n tí ẹni inú kì í fi í rí ìta. Earpiece kékeré wà létí ìyá, ibẹ̀ ni olùtọ́jú ti ń bá a sọ̀rọ̀ tí ọmọ kò fi ní gbọ́: "Ó ti gbé pupa lé búlúù. Sọ ohun tó ṣe. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Háà, ìbéèrè nìyẹn, fi í sílẹ̀, máa bá a lọ."

Parent-Child Interaction Therapy ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ìyẹn ìtọ́jú tó ń tún àárín òbí àti ọmọ ṣe. Sheila Eyberg, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá, ló ṣe é ní ìpínlẹ̀ Oregon lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà láàárín àwọn ọdún 1970. Àwọn ọmọ ọdún méjì sí méje ni wọ́n dìídì ṣe é fún: èyí tó ń sùn sílẹ̀ gbalaja bí wọ́n bá ní kó wá wẹ̀, èyí tó ń bu àbúrò rẹ̀ jẹ, èyí tó ń fọ́ nǹkan bí inú bá ń bí i, tí tíṣà kò sì yéé ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀. Ohun tí ìtọ́jú yìí ń tọpa ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọmọ náà àti àgbàlagbà tó ń tọ́ ọ, ní ìṣẹ́jú tó ṣáájú igbe àti èyí tó tẹ̀ lé e.

Gerald Patterson, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá tí òun náà ṣiṣẹ́ ní Oregon, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí ìdílé ṣe ń bára wọn lò nínú ilé, ó sì ṣàlàyé bí agídí ṣe ń gbilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ilé wa wò ó. Màmá ní kí Túndé pa tẹlifíṣọ̀n, kó wá jẹun. Túndé figbe ta. Màmá tún un sọ, ohùn rẹ̀ lọ sókè díẹ̀. Túndé ti wà nílẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ gbálẹ̀. Ibi iṣẹ́ ni Màmá ti ń bọ̀, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ti tán an lókun, ó ní, "Ó ti tó, máa wò ó lọ." Igbe dákẹ́ wáí. Túndé ti kọ́ pé igbe ń ṣiṣẹ́. Màmá náà ti kọ́ pé bí òun bá gbà fún un, etí òun á sinmi. Lọ́la, igbe á gùn ju tòní lọ. Lọ́jọ́ tí Màmá bá sì yarí, tó fa ẹgba yọ, tí Túndé panu mọ́, Màmá á kọ́ pé ẹgba ń ṣiṣẹ́, àmọ́ bó bá pẹ́ díẹ̀, ẹyọ kan kò ní tó mọ́. Kò sí ìkà nínú àwọn méjèèjì. Ṣe ni wọ́n ń kọ́ ara wọn láìmọ̀, lójoojúmọ́.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi òsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì yẹn ni PCIT fi ń bẹ̀rẹ̀. Apá méjì ni ìtọ́jú náà ní, apá kìíní sì dá lórí fífa ọmọ mọ́ra nìkan. Wọn kì í jẹ́ kí òbí débi ìbáwí àfi bó bá ti já fáfá níbẹ̀.

Ní apá kìíní yìí, ọmọ ni ọ̀gá eré. Yàtọ̀ sí ọjọ́ tí wọ́n bá lọ rí olùtọ́jú, òbí á máa bá ọmọ ṣeré nílé fún ìṣẹ́jú márùn-ún lójúmọ́, fóònù kò ní sí lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn, kò ní pàṣẹ, kò ní béèrè nǹkan, kò sì ní ṣàríwísí. Ká sọ pé ọmọ gbé màlúù oníke sínú páálí. Bí a ṣe mọ̀ ọ́n sọ rèé: "Kí nìyẹn? Ṣé inú páálí ni màlúù ń gbé ni? O ò mọ̀ ọ́n ṣe. Gbé e síbí." Ìbéèrè méjì, ẹ̀gàn kan, àṣẹ kan, kí ọmọ tó mí. Òbí tí wọ́n ti kọ́ á sọ pé: "O ti gbé màlúù sínú páálí." Ọmọ á ní, "Ó fẹ́ sùn." Òbí á ní, "Ó fẹ́ sùn. Èmi náà á gbé tèmi wá sùn. O ṣeun tí o rọra gbé e." Ó sọ ohun tí ọmọ ń ṣe, ó tún ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ sọ, ó ṣe bí ọmọ ṣe ṣe, ó sì yìn ín. Ẹ fi ojú tó ń rẹ́rìn-ín kún un, gbogbo rẹ̀ ti pé.

Ìbéèrè ló máa ń ya òbí lẹ́nu jù. Kí ló burú nínú "Kí lò ń kọ́ yìí?" Kò burú níbòmíràn, àmọ́ ìbéèrè ń gba eré lọ́wọ́ ọmọ, ó ti di dandan kó fi ohun tó ń rò sílẹ̀, kó wá dá àgbà lóhùn. Ọmọ tó jẹ́ pé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni wọ́n ń bi í ní "kí ló dé tí o ṣe báyìí" kò nílò òmíràn sí i.

Ẹnì kan lè ní, ṣé a kì í yin ọmọ nílẹ̀ yìí ni? A ń yìn ín. Ìyá àgbà tó bá ki ọmọ ní oríkì láàárọ̀, "Àjọkẹ́, Àjọkẹ́ ọkọ mi," orí ọmọ máa ń wú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ jẹ́ àti ìdílé tó ti ṣẹ̀ wá ni oríkì ń yìn, ì báà jẹ́ pé ó gbọ́ràn lóru àná tàbí kò gbọ́. Ìyìn ti PCIT gbọ́dọ̀ dárúkọ ohun tí ọmọ ṣe nísinsìnyí gan-an: "O ṣeun tí o fún àbúrò rẹ ní ọ̀kan." "Ọmọ dáadáa" nìkan kò tó, nítorí kò sọ fún un ohun tó yẹ kó tún ṣe. Èmi ò rí ìdí tí ilé kan kò fi ní lo méjèèjì.

Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn tàbí tó ń pariwo láti fi bí òbí nínú, òbí á gbójú kúrò, á máa ṣeré tirẹ̀ lọ. Gbàrà tí ọmọ bá rọlẹ̀, ojú àti ìyìn á padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó gbá èèyàn tàbí ó fẹ́ ṣe ara rẹ̀ léṣe, eré parí lọ́jọ́ yẹn. Olùtọ́jú ń ka gbogbo rẹ̀ sórí ìwé. Kí òbí tó lè kọjá apá kìíní, láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ó gbọ́dọ̀ ti yin ohun pàtó ní ìgbà 10, kó tún ọ̀rọ̀ ọmọ sọ ní ìgbà 10, kó sọ ohun tí ọmọ ń ṣe ní ìgbà 10, kí ìbéèrè, àṣẹ àti àríwísí lápapọ̀ má sì ju 3 lọ. Ó dà bí ohun tó rọrùn. Ẹ dán an wò lálẹ́ òní.

Apá kejì ni àṣẹ àti ìbáwí, ibẹ̀ sì ni àṣà ẹnu tiwa ti máa ń kó bá wa. Ọ̀pọ̀ wa kì í pàṣẹ ní tààrà. "Ṣé ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ń bọ́ bàtà sí?" "Ṣé o fẹ́ kí n dé ibẹ̀ ni?" Ọmọ tó ti mojú á sáré gbé bàtà. Ọmọ ọdún mẹ́ta á dáhùn pé "Bẹ́ẹ̀ ni," nítorí ìbéèrè ni wọ́n bi í. Àṣẹ PCIT jẹ́ ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́, ohun tó yẹ kí ọmọ ṣe ló sì ń sọ: "Gbé bàtà rẹ sẹ́yìn ilẹ̀kùn." Òbí á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Bó bá gbé e, ìyìn tó gbóná. Bí kò bá gbé e, ìkìlọ̀ kan ṣoṣo: "Bí o ò bá gbé bàtà rẹ, wàá lọ jókòó sórí àga." Lẹ́yìn ìyẹn, àga ló kàn, ìṣẹ́jú mẹ́ta, àti ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tí ọmọ gbọ́dọ̀ fi dákẹ́ kó tó dìde. Kò sí ìwàásù, kò sí èébú, kò sí "ṣé o rí ayé ẹ báyìí."

Bó bá dìde, bàtà ṣì wà níbẹ̀, òun ló sì máa gbé e. Ibẹ̀ ni ẹgba ti máa ń kùnà: a ti na ọmọ tán, ó ń sunkún, ìyá fúnra rẹ̀ ló máa padà gbé bàtà. Àwọn tó ń mú àga nìkan nínú PCIT tí wọ́n sì fi apá kìíní sílẹ̀ náà kì í rí i kó ṣiṣẹ́. Ohun tó ń dun ọmọ lórí àga ni pé ó kúrò nídìí eré aládùn àti ojú rere òbí. Bí kò bá sí èyí tẹ́lẹ̀, kí ló fẹ́ pàdánù?

Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2004, tí Mark Chaffin ti Yunifásítì Oklahoma ṣáájú rẹ̀, gba àwọn òbí 110 tí wọ́n ti fẹjọ́ wọn sun ìjọba nítorí pé wọ́n lu ọmọ nílùkulù. Nígbà tí nǹkan bí 850 ọjọ́ kọjá, wọ́n ti tún fẹjọ́ 49 nínú 100 sùn láàárín àwọn tó gba ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ọmọ tí wọ́n máa ń fúnni tẹ́lẹ̀. Láàárín àwọn tó gba PCIT, 19 nínú 100 ni. Àwọn tí ọmọ lílù ti mọ́ lára ni wọ̀nyẹn o, kì í ṣe òbí oníwà pẹ̀lẹ́.

Ìgbà kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lọ, fún ọ̀sẹ̀ 12 sí 20, àmọ́ kì í ṣe kàlẹ́ńdà ló ń parí rẹ̀. Ìwé ìbéèrè 36 kan nípa ìwà ọmọ ni òbí ń kọ nǹkan sí. Ìgbà tí máàkì ibẹ̀ bá wálẹ̀ tó, tí òbí sì mọ̀ ọ́n ṣe fúnra rẹ̀, ni wọ́n ń dá wọn sílẹ̀. Àwọn olùtọ́jú kan ń ṣe é lórí fídíò báyìí, earpiece létí òbí nínú pálọ̀ rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló wà fún o. Ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa lè dà bí aláìgbọràn. Wárápá tí kò hàn sójú, àìsùn dáadáa, tàbí ohun burúkú tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí kò lè sọ, gbogbo rẹ̀ lè jáde bí agídí, ìtọ́jú tiwọn sì yàtọ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Nílé ní Nàìjíríà, ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ọmọdé wà ní UCH Ìbàdàn, ní Aro l'Abẹ́òkúta, àti ní ẹ̀ka ilé ìwòsàn Yaba tó wà ní Òṣòdì. Mo mọ̀ pé orúkọ Aro àti Yaba nìkan tó láti mú kí ìyá ọkọ fárígá. Ẹ̀ka ọmọdé ni ẹ béèrè. Bí kò bá tilẹ̀ sí dígí àti earpiece níbẹ̀, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń kọ́ òbí bí wọ́n ṣe ń bójú tó ìwà ọmọ. Kí ẹ tó lọ, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kọ ọ́ sílẹ̀ nígbàkígbà tó bá ṣẹlẹ̀: kí ló ṣáájú igbe, báwo ló ṣe pẹ́ tó, kí lẹ sì ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má fo ìkẹta yẹn, nítorí òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín.