Garawa Dúdú Inú Igbó: Bí Eré Wíwá Ohun Ìpamọ́ Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Bí àlejò bá bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ọmọ onílùú ní Abẹ́òkúta, òkúta, ọjà àti ilé àwọn ẹni àná ni a ó fi júwe fún un. A ó ní kí ó dé Ìtòkú, kí ó yà níbi tí àwọn aláàdìrẹ pàtẹ sí, kí ó máa gòkè títí yóò fi rí òkúta kan níwájú, kí ó sì béèrè ilé bàbá lágbájá lọ́wọ́ ẹni tí ó bá bá níbẹ̀. Àpèjúwe náà péye fún ẹni tí ó bá ti mọ ìlú díẹ̀. Eré tí mo fẹ́ sọ ìtàn ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ yìí kì í júwe ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ni ó fi ń júwe, irú nọ́ńbà tí ó gbé Abẹ́òkúta sí nǹkan bí ìwọ̀n 7 àti ìṣẹ́jú 9 ní ìhà àríwá, ìwọ̀n 3 àti ìṣẹ́jú 21 ní ìhà ìlà-oòrùn. Ìṣẹ́jú yìí kì í ṣe ti aago, ìdá kan nínú ọgọ́ta ìwọ̀n kan ni. Ẹnì kan yóò fi àpótí kékeré pamọ́ síbì kan, yóò kéde nọ́ńbà ibẹ̀, ẹlòmíràn tí kò mọ̀ ọ́n rí yóò sì fi ẹ̀rọ GPS, èyí tí ń ti ara sátẹ́láìtì mọ ibi tí ènìyàn wà, tàbí fóònù rẹ̀ wá a kàn, yóò kọ orúkọ sínú ìwé tí ó wà nínú rẹ̀, yóò sì dá a padà gẹ́gẹ́ bí ó ti bá a. Geocaching ni gbogbo ayé ń pè é.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń gbé òkè òkun ni ó fi eré náà hàn mí, nígbà tí àwa ẹbí mélòó kan kó àgọ́ aláṣọ lọ sí etí igbó kan lẹ́yìn ìlú láti sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ó ti jí lọ fi ike onídèérí kan pamọ́ kí a tó jí, ó wá to nọ́ńbà ibẹ̀ sórí fóònù wa lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Fóònù tèmi mú mi dé ẹ̀gbẹ́ òkúta ńlá kan láìpẹ́, ṣùgbọ́n fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo fi ń yí òkúta náà po bí ẹni tí ẹyọ owó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ni ó ro irú eré báyìí, ó ní, "Bàbá kékeré, àwọn Amẹ́ríkà ni." Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo sì wá ìtàn náà lọ.

Kí eré yìí tó lè wà, àwọn sátẹ́láìtì ní láti kọ́kọ́ wà lókè. Iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ni ó dá GPS sílẹ̀, ọdún 1978 ni wọ́n sì fi sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sókè. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò díjú tó bí a ti ń rò. Ní nǹkan bíi kìlómítà 20,200 sókè orí wa ni sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan ti ń sọ aago tí ó lù lọ́dọ̀ rẹ̀ láìsinmi. Ẹ̀rọ ọwọ́ wa ń wo bí ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ tó kí ó tó dé, ó ń ti ibẹ̀ mọ bí sátẹ́láìtì náà ṣe jìnnà tó, bí ó bá sì gbọ́ ti mẹ́rin papọ̀, ó lè sọ ibi tí a dúró sí. Àwọn ológun ni wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Àmọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1983, ọkọ̀ òfuurufú ilẹ̀ Korea kan ṣìnà wọ ojú òfuurufú ìjọba Soviet, wọ́n yìnbọn lù ú, gbogbo ènìyàn 269 tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni Ààrẹ Ronald Reagan kéde pé àwọn ará ìlú yóò lè lo GPS lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí ó bá ti parí.

Ó fún wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fún ará ìlú kì í ṣe ojúlówó. Nítorí ẹ̀rù pé ọ̀tá lè fi í darí ohun ìjà, àwọn ológun mọ̀ọ́mọ̀ da èyí tí ó dé ọ̀dọ̀ ará ìlú rú, débi pé ó lè fi nǹkan bíi 100 mítà ṣìnà. Kí ẹni tí ó mọ Ìtòkú fi ojú inú wò ó: ẹ̀rọ ní ohun tí o ń wá wà nítòsí, ṣùgbọ́n "ìtòsí" náà kó gbogbo ìsọ̀ àdìrẹ, títì, gọ́tà àti ojúlé tí a kò mọye pọ̀. Awakọ̀ ojú omi lè rí i lò. Ẹni tí ó ń wá àpótí tí kò ju abọ́ lọ kò lè rí nǹkan kan fi í ṣe.

Ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2000 ni Ààrẹ Bill Clinton kéde pé ìdàrú náà yóò dópin, nígbà tí ó sì di ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ náà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n pa á lóòótọ́. Sátẹ́láìtì tuntun kankan kò gòkè lóru náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò ra ẹ̀rọ mìíràn. Ẹ̀rọ tí ó wà nínú àpò ènìyàn kó tó sùn ni ó bá nínú àpò nígbà tí ó jí, tí ó sì ń tọ́ka ibi pẹ̀lú àṣìṣe tí kò ju nǹkan bíi mítà 10 sí 20 lọ. Lójú tèmi, òru yẹn ni ó bí eré yìí, ẹni tí a ń pè ní olùdásílẹ̀ rẹ̀ ni ó kàn kọ́kọ́ gbé ọmọ náà jó.

Ẹni náà ni Dave Ulmer, ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Karùn-ún, kò tíì pé ọjọ́ méjì tí ìdàrú náà kúrò nílẹ̀, ó fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni ẹ̀rọ náà ti péye tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé garawa dúdú kan lọ sínú igbó nítòsí Beavercreek ní ìpínlẹ̀ Oregon, ó rì í díẹ̀ sínú ilẹ̀, ó sì kéde nọ́ńbà ibẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì ti ń fọ̀rọ̀ wérọ̀. Great American GPS Stash Hunt ni ó pe ohun tí ó ṣe. Nínú garawa náà ni ìwé àti pẹ́ńsùlù wà fún àwọn tí yóò wá, pẹ̀lú ìwé kíkà, fídíò, sọ́fútíwíà, rọ́bà tí ọmọdé fi ń ta ẹyẹ, àti ẹ̀wà inú agolo kan. Òfin tí ó fi lélẹ̀ kò pọ̀: ẹni tí ó bá rí i lè mú nínú rẹ̀, kí ó sì fi nǹkan tirẹ̀ rọ́pò, kí ó wá kọ ọ́ sínú ìwé.

Nọ́ńbà tí ó kéde náà yẹ kí a dúró yẹ̀ wò díẹ̀, nítorí òun ni gbogbo eré náà dá lé. Ìwọ̀n 45, ìṣẹ́jú 17.460 ní àríwá. Ìwọ̀n 122, ìṣẹ́jú 24.800 ní ìwọ̀-oòrùn. Bí a bá ń lọ sí àríwá tàbí gúúsù, ìṣẹ́jú kan nínú ìwọ̀n jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà kan àti mítà 850 lórí ilẹ̀. Nọ́ńbà tí ó gbẹ̀yìn lẹ́yìn àmì kékeré yẹn, èyí tí ènìyàn lè rò pé àṣejù ni, kò ju nǹkan bíi mítà méjì lọ. Bí ìdàrú bá ṣì wà, kò sí ìtumọ̀ kankan nínú kíkọ ọ́.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ènìyàn méjì ti dé ibi garawa náà. Mike Teague, ẹni tí ó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Washington tí ó múlé gbè Oregon, ni ó kọ́kọ́ rí i. Òun náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó nọ́ńbà àwọn ìpamọ́ mìíràn tí àwọn ènìyàn ń gbé kalẹ̀ jọ sójú kan, nítorí eré náà ti ń ràn kiri láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀. Àwọn olùtàn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tí ó ṣe àkọsílẹ̀, garawa kan ṣoṣo ni ìbá jẹ́, kì bá tí di àṣà.

Orúkọ tí Ulmer fún un kò pẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn. "Stash" lédè àwọn Amẹ́ríkà ní òórùn ohun tí a jí gbé tàbí oògùn olóró tí a fi pamọ́ fún ọlọ́pàá, àwọn tí wọ́n ń ṣeré náà kò sì fẹ́ kí a máa fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wò wọ́n nínú igbó. Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún kan náà ni Matt Stum dá orúkọ mìíràn lábàá. "Geo" jẹ́ ti ilẹ̀ láti inú èdè Gíríìkì. "Cache" wá láti inú èdè Faransé, àwọn ọdẹ tí ń fi awọ ẹranko ṣòwò ní Amẹ́ríkà ti Àríwá sì ti ń pe oúnjẹ tí wọ́n fi pamọ́ sí ọ̀nà ní bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Bí ó bá jẹ́ ti èdè wa ni, mo rò pé eré ìwápamọ́ ni n ó pè é.

Ní oṣù Keje ni Jeremy Irish, òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Seattle, rí àkọsílẹ̀ Teague. Ó ra ẹ̀rọ, ó wá ìpamọ́ kan lọ, ó sì rí i. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án ọdún 2000 ó ṣí geocaching.com pẹ̀lú ìpamọ́ 75 péré tí a mọ̀ ní gbogbo ayé, Teague sì fa iṣẹ́ ìkójọ náà lé e lọ́wọ́. Nígbà tí ìwé ìròyìn gbé e jáde, kò sí ẹni tí ó lè dá a dúró mọ́. Lónìí, ìpamọ́ tí ó wà ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ, kò sí kọ́ńtínẹ́ǹtì tí kò sí. Richard Garriott, ẹni tí ó ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà, tilẹ̀ gbé ọ̀kan lọ sí ilé ìwádìí tí ó ń yí ayé po lójú òfuurufú ní ọdún 2008, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ ẹni tí ó máa ń ya ibẹ̀ bí ó bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́.

Síbẹ̀, kì í ṣe Ulmer ni ó kọ́kọ́ ro fífi ìwé sínú igbó kí àjèjì lè wá fọwọ́ sí i. Ní ọdún 1854, amọ̀nà kan tí ń jẹ́ James Perrott fi ìgò kan sílẹ̀ ní Cranmere Pool, ibi tí ó ṣòro dé láàárín pápá Dartmoor ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn tí wọ́n bá rìn débẹ̀ lè fi káàdì orúkọ wọn sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ibẹ̀ ni eré kan tí wọ́n ń pè ní letterboxing ti ṣẹ̀. Nígbà tí mo ka èyí ni mo wá mọ ohun tí ó wà ní ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ó wà nínú garawa fún mímú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìgbàgbé, nítorí ọ̀pọ̀ ìpamọ́ òde òní kò tóbi ju ọmọ ìka lọ, kò sì lè gba nǹkan kan yàtọ̀ sí bébà tí a ká. Ìwé orúkọ nìkan ni kò yí padà láti ìgbà Perrott: ènìyàn fẹ́ kí a mọ̀ pé òun dé ibẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí Ulmer ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn ni òfin eré náà kò gbà mọ́. A kò gbọdọ̀ gbẹ́lẹ̀ rì ìpamọ́. A kò gbọdọ̀ fi oúnjẹ sínú rẹ̀ nítorí ẹranko yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò sì fà á ya. A gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀. Èyí ni pé garawa tí ó bí eré náà kò ní yege bí wọ́n bá gbé e wá fún àyẹ̀wò lónìí. Ṣùgbọ́n àwo ìrántí kan wà ní ojú ibẹ̀ báyìí tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ọdún 2003, agolo ẹ̀wà náà sì ti di ohun àmúyangàn tí wọ́n ń gbé kiri láti ibi ìpàdé kan dé òmíràn.

Ẹnì kan lè sọ pé ìlú tí a tẹ̀dó ní ọdún 1830 lábẹ́ Ṣódẹkẹ́, tí àwọn baba ńlá rẹ̀ fi abẹ́ Olúmọ ṣe ibi ààbò, ti mọ ọ̀rọ̀ ìpamọ́ kí Amẹ́ríkà tó mọ̀ ọ́n. N kò ní bá a sọ ọ́. Ìpamọ́ ti àwọn Ẹ̀gbá kì í ṣe eré, àdúrà wọn sì ni pé kí ẹnikẹ́ni má rí wọn. Ohun tí òkúta Abẹ́òkúta mú wọ inú eré yìí yàtọ̀: ọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì máa ń ta bá ara òkúta kí ó tó dé inú fóònù, ẹ̀rọ á wá rò pé ọ̀nà tí ó rìn jìn ju bí ó ti rí lọ. Ìdí nìyẹn tí fóònù mi fi ń fo síhìn-ín sọ́hùn-ún lẹ́bàá òkúta ọjọ́ náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi nǹkan pamọ́ níbi òkúta gbọ́dọ̀ ka nọ́ńbà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin ní àkókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó sì mú àárín rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí Ulmer kò ní ìdí láti rò ní Oregon. Lọ́dọ̀ wa, igbá tàbí àpótí tí a bá lẹ́sẹ̀ òkúta ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá rí i yóò kọ́kọ́ rò pé ẹbọ ni, tàbí pé ẹnì kan fi oògùn síbẹ̀, yóò sì fi ẹsẹ̀ kọ ọ̀nà mìíràn. Bí ó bá wá jẹ́ ẹ̀bá títì ni, ẹlòmíràn lè rò pé àdó olóró ni, kí ó pe ọlọ́pàá. Nítorí náà ni ike tí a lè rí inú rẹ̀ kedere ṣe dára ju àpótí dúdú lọ, kí àlàyé sì wà lára rẹ̀ ní Yorùbá. Ibi ojúbọ kò sì ṣeé fi ṣeré, Olúmọ náà sì ní ojúbọ. Ọ̀dọ̀ baálẹ̀ tàbí olórí ẹbí tí ó ni ilẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, kí nọ́ńbà tó dé orí fóònù ẹnikẹ́ni.

Ike tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi pamọ́ kò gba ọ̀nà yìí kọjá, nítorí náà a kó o kúrò kí a tó tú àgọ́ ká. Ìwé inú rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Orúkọ mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú aago tí oníkálukú rí i, tèmi ni ó sì gbẹ̀yìn.